Ẹja wíwò: Oníṣòwò tí kò mọ orúkọ ẹja rẹ̀ ló ń pàdánù

Kì í ṣe gbogbo ẹja ló ń bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wíwò làwọn èèyàn ń wò wọ́n nínú àpótí onídígí, ní pálọ̀, ní ọ́fíìsì àti ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ọ̀rányàn, níbi tí èrò Màpó àti Ọjà'ba ti ń kọjá, lè fi irú ẹja bẹ́ẹ̀ kún ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó náwó sí i, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ tà.

Ẹ jẹ́ ká mú swordtail, ẹja tí ìrù akọ rẹ̀ gùn ṣóńṣó bí idà. Xiphophorus hellerii làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é láti ọdún 1848, odò Mexico títí dé Honduras sì ni ilé rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti odò gan-an ní àwọ̀ ewé, ilà pupa tín-ín-rín sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èyí tó pupa fòò kì í ṣe ti odò. Àwọn tó ń sin ẹja ló dà á pọ̀ mọ́ platy, ìbátan rẹ̀, ibẹ̀ ni pupa náà ti wá. Ìdàpọ̀ yìí kò fìgbà gbogbo bímọ re: láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé àwọn kan lára ọmọ wọn máa ń ní jẹjẹrẹ awọ ara.

Swordtail kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin síra. Ibi tí wàhálà wà rèé: abo rẹ̀ lè fi àtọ̀ akọ pamọ́ sínú fún oṣù bíi mélòó kan. Abo tí ẹ rà lónìí lè ti gba platy ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti rà á, kó sì máa bí àmúlùmálà fún yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ swordtail nìkan lẹ kó tì í. Ẹ ra abo tí kò tíì gba akọ, kí ẹ sì ya platy sọ́tọ̀.

Àwọn ẹja wíwò tiwa náà wà. Kribensis, tí ikùn abo rẹ̀ ń pọ́n dẹ̀dẹ̀, odò gúúsù Nàìjíríà ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni killifish kan wà tí wọ́n ń pè ní gardneri. Àwọn tó ń sin ín ní Jámánì àti Amẹ́ríkà máa ń kọ ibi tí wọ́n ti mú òbí rẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀: Lafia, Makurdi, Nsukka. Wọn kì í da ti Lafia pọ̀ mọ́ ti Makurdi rárá. Èyí tí kò ní orúkọ ìlú kò níyì lójú wọn. Ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, tó sọ irú ẹja, ibi tó ti wá àti ọjọ́ tó dé, kò ná yín ní nǹkan kan.

Ìwé Olaosebikan àti Raji lórí ẹja omi dídùn Nàìjíríà, tó jáde ní New Bussa lọ́dún 1998, wúlò fún dídá ẹja tiwa mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹja sókè òkun yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS.

Ní ti ìtọ́jú, omi ẹ̀rọ ní kẹ́míkà tó ń pa ẹja. Ẹ pọn ọ́n kalẹ̀ láìbò ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ bo àpótí, swordtail mọ fífò. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tó ń lo bátìrì sàn fún ìlú tí iná ń lọ. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ mọ́, ẹ má dà á sí odò Kúdẹtì tàbí Ògùnpa: ní Australia àti South Africa, swordtail tó bọ́ sódò ti di ẹja odò wọn.