Ilé Tí Ó Ní Táyà: Alẹ́ Mọ́kànlá ní Ilẹ̀ Faransé

Fọ́ọ̀mù físà ilẹ̀ Faransé ní ìbéèrè kan tí ó le fún ẹni tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe ilé: níbo ni ẹ ó máa sùn? Àwọn òyìnbó tí ń gbé inú ọkọ̀ rìn káàkiri Yúróòpù fẹ́ràn láti máa sọ pé ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú àwọn ni àwọn ń sùn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà wọn ni ó sọ ọ́ di òótọ́. Ẹni tí ó bá ní ti Nàìjíríà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn ibi tí yóò forí lé kí ó tó gba físà Schengen.

Àwa mẹ́fà ni a jọ lọ: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀, àwọn ìbejì wọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, èmi, àti Màmá wa, ẹni ọdún 72, tí ó wá kí wa ní London láti Ìbàdàn. Ìwé ìrìnnà Bìrìtéènì ni ti ìdílé ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n lè lo 90 ọjọ́ nínú 180 láìgba físà kankan. Èmi àti Màmá kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe gba àyè sílẹ̀ ní àwọn ọgbà ìpàgọ́ tí ó gbà kí ènìyàn yí ọjọ́ padà, a kó ìwé wọn sílẹ̀, físà sì jáde.

Ọkọ̀-ilé ni mo pe ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní motorhome. Ẹ má ṣe rò pé bọ́ọ̀sì tí a ju tìmùtìmù sínú rẹ̀ ni. Orí Fiat Ducato ni wọ́n kọ́ tiwa lé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé Yúróòpù. Ó ní sítóòfù onígáàsì, fíríìjì, ibùsùn fún ènìyàn mẹ́fà, táńkì omi mímọ́, táńkì omi ìdọ̀tí, àti bátìrì kejì tí kò bá ẹ́ńjìnnì da nǹkan pọ̀.

Ilé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a ń wọ̀n ni. Ẹni tí ó yege ìdánwò ìwakọ̀ Bìrìtéènì láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1997 wá kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀-ilé onípẹtiróòlù tàbí onídíísù tí ìwọ̀n rẹ̀, tòun ti ẹrù àti èrò, ju 3,500 kílò lọ, àfi bí ó bá ṣe ìdánwò mìíràn. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Táńkì 100 lítà tí ó kún wúwo ju Màmá àti Ìbejì kan lọ. Bàbá Ìbejì gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n, ó padà wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo báàgì oúnjẹ Màmá.

Àwọn aṣọ́bodè ni ó kọ́kọ́ dín báàgì náà kù. Láti ìgbà tí Bìrìtéènì ti kúrò nínú Àjọ Yúróòpù, arìnrìn-àjò kò gbọdọ̀ mú ẹran tàbí mílíìkì láti ibẹ̀ wọ ilẹ̀ Faransé. Isu tútù kò lè kọjá láìní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn. Ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, isu méjì tí Màmá rà ní Peckham: gbogbo wọn dúró sí London. Gààrì, èlùbọ́, ìrẹsì, epo pupa àti ata gígún kọjá. Pánla náà kọjá, nítorí òfin fàyè gba ẹja tí kò bá ju 20 kílò lọ. Màmá ní àwọn Faransé mọ ohun tó dára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó wéréwéré. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkọ̀-ilé dínwó ju hòtẹ́ẹ̀lì lọ, ẹ bi í pé èló ni ó fi ra epo. Ní àwọn òpópónà márosẹ̀ tí a ń sanwó lé ní Faransé, ọkọ̀ tí gíga rẹ̀ wà láàárín mítà 2 sí 3 ń san ju ọkọ̀ kékeré lọ. Ẹni tí ó bá sì háyà ọkọ̀ ní Bìrìtéènì gbọ́dọ̀ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní VE103 lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, kí ó lè fi hàn pé òun kò jí i gbé sọdá òkun. Láti Dover dé Calais, ọkọ̀ ojú omi kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún, tí gbogbo wa sì dákẹ́ kí Bàbá Ìbejì lè ráyè wakọ̀.

Ohun tí n kò rí kà níbìkankan ni ọ̀rọ̀ àna. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀-ilé kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ìṣísẹ̀ kan péré ni ó sì jìnnà sí tábìlì oúnjẹ. Abẹ́ rẹ̀ ni àpótí oníke kan wà, tí ènìyàn ń fà jáde láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí ó sì ń gbé lọ dà nù ní ibi tí wọ́n ṣe fún un. Bàbá Ìbejì ti gba iṣẹ́ yìí kí a tó kúrò nílé. Màmá kò sọ nǹkan kan. Alẹ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé òru ni ó ń dìde, tí ó ń tan tọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọgbà, lórí koríko tí ìrì ti mú kí ó máa yọ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó fà mí sẹ́yìn ọkọ̀. “Wò ó, n kò bí Bàbá Ìbejì. Àna mi ni. Kò ní máa da ìgbẹ́ mi nù.”

Bí àpótí náà ṣe di tèmi nìyẹn. Bàbá Ìbejì fẹ́ jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó sì panu mọ́. Bí ẹ bá ń gbèrò láti mú àgbàlagbà dání, mo rò pé ó yẹ kí ẹ jíròrò èyí kí ẹ tó jíròrò ibi tí ẹ ń lọ.

Ní Normandy, a sún ọgbà ìpàgọ́ kan síwájú, a sì lọ sùn nínú oko ápù. Àwọn àgbẹ̀ kan wà nínú ètò tí wọ́n ń pè ní France Passion, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Ọmọ ẹgbẹ́ lè fi ọkọ̀-ilé sùn sí ilẹ̀ wọn fún wákàtí 24 lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì pọn dandan kí ó ra nǹkan. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí àlejò lọ kí onílé bí ó bá ti dé. “Ṣé wọ́n tún ń kọ ìyẹn sínú ìwé ni?” Màmá ní. Ó bu gààrì sínú agolo, ó lọ kí ìyá olóko ní Yorùbá, ìyẹn dá a lóhùn ní Faransé, àwọn méjèèjì sì jókòó síwájú ilé adìyẹ fún nǹkan bí wákàtí kan. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ẹyin mẹ́wàá ni Màmá gbé bọ̀.

Mont-Saint-Michel lẹ́wà, èrò sì pọ̀ níbẹ̀ bí ọjà Bódìjà. Ẹ óò rí àwòrán rẹ̀ níbi gbogbo.

Nantes ni mo fẹ́ dá yín dúró sí. Ìlú ẹ̀bá odò Loire yìí ni èbúté Faransé tí ó ṣòwò ẹrú jù lọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣí ibi ìrántí ìfòpinsí òwò ẹrú sí etí odò náà. Àwo gíláàsì 2,000 ni wọ́n tẹ́ mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀: 1,710 ń sọ orúkọ àwọn ọkọ̀ tí ó gbéra ní Nantes àti ọjọ́ wọn, àwọn 290 yòókù ń sọ orúkọ àwọn èbúté tí wọ́n ti ra ènìyàn, tí wọ́n ti dúró, tàbí tí wọ́n ti tà wọ́n.

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó ti kọ́ wọn ní ti Badagry, ó ti kọ́ wọn ní ti Ouidah, níbi tí àwọn Faransé ti ní odi ìṣòwò. Kò rí etí omi tí àwọn ọkọ̀ náà ti ń bọ̀ rí. Ó ń ka orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó ń bi mí ní ìtumọ̀ èyí tí kò bá yé e. Àwọn Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tí ó di agogo mẹ́rin tí ó yẹ kí a gbéra lọ sí Tours, ó ní: “N kò tíì kà á tán.”

Ẹ̀gbọ́n mi pe ọgbà ìpàgọ́ Tours, alẹ́ méjì tí a fẹ́ lò níbẹ̀ sì di ẹyọ kan. Kò sí ẹrù tí a tún dì. Ìrọ̀rí Màmá wà níbi tí ó wà, ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí sítóòfù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti òun nìkan wọ tíráàmù padà sí etí odò, ọ̀sán sì ti pọ́n kí ó tó dé orí àwo tí ó gbẹ̀yìn. Ohun tí mo rí pé owó wa rà nìyẹn: àyè fún ẹni tí ó lọ́ra jù nínú wa láti sọ pé kí a dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó san ìyókù. Ààfin Chenonceau tí wọ́n kọ́ sórí odò Cher, tí ó ti ń wo àwòrán rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta, a kò débẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dá ọkọ̀ padà, bí a ti ń gbá ilẹ̀ rẹ̀, Màmá béèrè bóyá ènìyàn lè wa irú rẹ̀ láti Ìbàdàn, kí ó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, títí dé Ouidah. Bàbá Ìbejì rò ó wò. Ó ní ọ̀nà wà, epo wà, ọmọ Nàìjíríà kò sì nílò físà láti wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

“Ṣùgbọ́n, Mà, níbo ni wọn yóò ti máa da àpótí yẹn nù?”

Màmá kò dá a lóhùn. Èmi ni ó yíjú sí.