Olú Tí A Gbẹ Pamọ́: Ìmọ̀ Tí Ó Wúlò Fún Àwọn Ará Wa Ní Warri

Nígbàkígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Warri, ní Ìpínlẹ̀ Delta, olú a máa hù lórí koríko àgbàlá àti lára ìtì ọ̀pẹ tí ó ti jẹrà. (Olú ọbẹ̀ ni o, kì í ṣe Olú tí ó wà lórí ìtẹ́ àwọn Itsekiri.) Ọmọ Yorùbá tí ó ti ń jẹ olú láti kékeré ní oko bàbá rẹ̀ yóò rò pé òun mọ ohun tí ojú òun rí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Olú funfun ńlá kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chlorophyllum molybdites. Ó ń hù lórí koríko káàkiri ilẹ̀ olóoru, títí kan Nàìjíríà. Nígbà tí ó bá ṣì kéré, abẹ́ rẹ̀ funfun, ó sì lè jọ olú tí ń ti inú ilé ikán jáde, èyí tí tọmọdé tàgbà ń jẹ. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, láàrin wákàtí díẹ̀, inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni yóò tẹ̀lé e. Bí a bá gé orí rẹ̀, tí a sì dà á dé orí ìwé funfun mọ́jú, ìyẹ̀fun tí yóò kù sórí ìwé náà yóò ní àwọ̀ ewé. Ti olú ikán a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ṣùgbọ́n àmì yìí nìkan kò tó láti fi sọ pé olú kan ṣeé jẹ.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń gbẹ olú pamọ́. Ooru díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́, kí ó má baà jinná. Kí ó tó gbẹ, wọ́n a kọ àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀, igi tí ó hù sí, ìlú àti ọjọ́ sílẹ̀, nítorí olú gbígbẹ a máa sọ àwọ̀ nù, a sì máa sún kì. Olú gbígbẹ tí kò ní àkọsílẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀.

Ní Kew, ní London, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 2009 ni wọ́n da àkójọ ilé iṣẹ́ kan pọ̀ mọ́ ọn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1920 láti máa ṣèwádìí irú àrùn bẹ́ẹ̀ lára ohun ọ̀gbìn ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso.

Ọ̀mọ̀wé B. A. Oso náà kọ̀wé lórí olú àti àwọn Yorùbá nínú ìwé àtìgbàdégbà Mycologia ní 1975. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí orúkọ lásán kò tó. Bí àgbà kan bá pe olú kan ní ẹsẹ̀ adìyẹ, tí a sì tọ́jú èyí tí ó nawọ́ sí pẹ̀lú orúkọ náà, ọmọ tí a bí sí Warri lè bá ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà.

Bí olú bá ṣe ènìyàn léṣe, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí wọ́n sì mú èyí tí a kò tíì sè dání. Inú ìwé ni kí wọ́n wé e sí; bí ó bá wà nínú ọ̀rá, yóò jẹrà kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.