Géèmù Tí Ìró Ọkàn Bí, àti Ìlù Tó Ń Dúró De Èjìgbò

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, àwọn èèyàn tó lé ní 16,000 pàdé nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì káàkiri orílẹ̀-èdè 63. Géèmù orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ ṣe, láti alẹ́ Jímọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò tíì mọ̀ ni kókó tí géèmù náà gbọ́dọ̀ dá lé. Nígbà tí àkókò tó, àwọn olùṣètò kò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún wọn. Ìró ọkàn èèyàn tó ń lù kì-kì, kì-kì ni wọ́n tan sí wọn létí, ìyẹn náà sì ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn.

Global Game Jam ni orúkọ ìpàdé náà. Kí oòrùn ọjọ́ Àìkú tó wọ̀, géèmù tó lé ní 3,000 ti jáde. Àwọn mẹ́rin kan láti iléeṣẹ́ Bossa Studios ní London ṣe ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ti fi ẹni tó ń gbá a sí ipò dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ọwọ́ dókítà yìí kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ọkàn aláìsàn ló fẹ́ pààrọ̀. Surgeon Simulator ni wọ́n sọ ọ́, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹrin ọdún kan náà, ó ti dé orí àtẹ, àwọn èèyàn ń fowó rà á. Ìró kan ṣoṣo ló bí gbogbo rẹ̀.

Orin kọ́ ni àwọn tó dá irú ìpàdé yìí, tí wọ́n ń pè ní game jam, sílẹ̀ ń wá níbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, Chris Hecker àti Sean Barrett pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń kọ kóòdù sí Oakland, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó. Wọ́n ti kọ́kọ́ pèsè kóòdù kan tó lè gbé 100,000 èèyàn kéékèèké sójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú wá ń wá ohun tó lè fi ṣe. Ìṣe àwọn olórin jáàsì ni wọ́n wò kọ́: àwọn tí wọ́n máa ń pàdé lẹ́yìn òde, tí oníkálukú á gbé ohun èlò rẹ̀ wá, tí wọ́n á jọ máa ṣeré tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní sanwó fún wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, Geoff Howland gbé irú rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní Ludum Dare. Wákàtí 48, ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo nǹkan láti orí kóòdù dé orí àwòrán àti orin gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹni náà jáde láàárín wákàtí wọ̀nyẹn. Nígbà tó di 2010, wọ́n fi ẹ̀ka oníwákàtí 72 kún un fún àwọn tó bá fẹ́ kó ẹgbẹ́ jọ.

Owó kò sí nínú Ludum Dare. Àwọn tó ṣe géèmù náà ni wọ́n ń gbá ti ara wọn, tí wọ́n ń fún ara wọn ní máàkì, ohùn àti orin sì ní máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá gbá ti ẹlòmíì, tirẹ̀ náà kò ní rí ẹni gbá a tó. Ètò yìí wù mí púpọ̀, nítorí ó sọ ìdíje di àlejò ṣíṣe.

Ará Èkó kò sì gbọdọ̀ gbọ́ èyí bí ohun àjèjì. Kí Fújì tó di Fújì, wéré ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń kọ nínú oṣù Ramadan láti jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì. Ẹgbẹ́ kan á jáde ní àdúgbò yìí, òmíràn á jáde ní tọ̀hún, wọ́n á fi orin figagbága, àwọn èèyàn á sọ ẹni tó dùn jù. Kò sí èyí tó mú owó ńlá lọ sílé nínú wọn. Inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti dàgbà ní Múṣìn, ibẹ̀ ló sì ti gbé Fújì jáde fún gbogbo ayé. Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, tí Èjìgbò wà nínú rẹ̀, abẹ́ Múṣìn náà ló wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀. Èjìgbò Èkó ni mò ń wí o, kì í ṣe ti Ọ̀ṣun.

Géèmù olórin fúnra rẹ̀ ti wà tipẹ́ ní ilẹ̀ Japan. PaRappa the Rapper dé ní 1996. Dance Dance Revolution tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ jó dé ní 1998. Ní 2001, Namco gbé Taiko no Tatsujin jáde, ìlù ńlá ni wọ́n ń fi ọ̀pá lù nínú rẹ̀. Owó iléeṣẹ́ ńlá ló gbé gbogbo wọn dìde. Èyí tó kàn wá jù ni èyí tí ọmọ Malaysia kan ṣe fún Ludum Dare ní 2014.

Hafiz Azman ni orúkọ rẹ̀. Kókó tí wọ́n fún wọn lọ́dún yẹn ni àwọn ayé tó so mọ́ra. Ó fi bọ́ọ̀lù méjì síbẹ̀, ọ̀kan iná, èkejì yìnyín, tí wọ́n ń yí ara wọn po. Ojú ọ̀nà kan wà níwájú wọn tó pín sí àpótí àpótí. Bí ọ̀kan bá yí dé orí àpótí tó kàn, tẹ bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà. Tí ọ̀nà bá gún régé, ìlù á máa lọ déédéé. Tí ọ̀nà bá yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ìrìn bọ́ọ̀lù yẹn á kúrú tàbí kó gùn, ìlù náà á sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà ń ka orin láìmọ̀ pé orin ni òun ń kà. A Dance of Fire and Ice ni ó pè é. Ó di ọjà ní 2019, àwọn èèyàn káàkiri ayé sì ti ń gbá a látìgbà náà.

Ìdí tí mo fi fà á yọ nìyí: yọ orin kúrò nínú géèmù yẹn, kò sí nǹkan kan tó kù. Ọ̀pọ̀ game jam ni mo ti rí tí wọ́n ti fi ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ya àwòrán, tí wọ́n kọ kóòdù títí ojú wọn fi pọ́n, tó wá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú kí ẹnì kan tó rántí wá orin ọ̀fẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọn. Géèmù bẹ́ẹ̀ lè dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe géèmù orin. Géèmù orin, ìlù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Òun ló yẹ kó pinnu bí èèyàn yóò ṣe rìn, ibi tí ọ̀tá yóò ti yọ, àti ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò ṣí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù ní Èkó ni àwọn tó ń ṣe bíìtì.

Ẹni tó bá ti gba ojú títì láti Ìkòtún lọ sí Ìsọlọ̀, tó ti dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àwọn ọkọ̀ táńkà tó ń lọ síbi ìpamọ́ epo Èjìgbò, mọ̀ pé ìlù kò wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ, ti mọ́ṣáláṣí, ti ẹni tó ń ta agbo, gbogbo wọn ń jùmọ̀ dún. Yàrá kan ṣoṣo ló tó fún sitúdíò: kọ̀ǹpútà àgbélétan kan, FL Studio tí wọ́n fi ń ṣe orin lórí rẹ̀, fóòmù lára ògiri, aṣọ ìkélé tó nípọn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ lè gbé bíìtì kan dìde láàárín wákàtí kan. Ohun tó kù fún wọn kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò.

Ní ti kóòdù, ọ̀nà ti là fún un. Wáyà MainOne tí Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ̀kẹ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ fà gba abẹ́ òkun láti Portugal dé Èkó ní 2010, ó sì gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Ní 2012, Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó, Abíọ́lá Ọláníran tó jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Gamsole sílẹ̀. Maliyo náà ló gbé GameUp Africa kalẹ̀ lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìrànwọ́ Google, láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní géèmù ṣíṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Godot, irinṣẹ́ géèmù ṣíṣe tí àwọn ọmọ Argentina méjì kọ, ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé láti 2014, kò sì nílò kọ̀ǹpútà olówó gọbọi. Àwọn ọmọ kéékèèké ní Scratch tiwọn láti fi kọ́ kóòdù.

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà ni inú ìlù náà. Agogo wa tó gbajúmọ̀ jù máa ń dún lẹ́ẹ̀méje nínú ìṣísẹ̀ méjìlá: ní ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkẹwàá àti ìkejìlá. Ẹ ka méjìlá sókè, kí ẹ máa fi ìka lu tábìlì níbi tí mo dárúkọ, ẹ ó gbọ́ ọ. Àwọn Ewe ní Gánà àti Tógò mọ̀ ọ́n, ó tẹ̀lé àwọn ẹrú kọjá òkun, ó sì ń dún títí dòní lójúbọ ní Kúbà àti Bahia. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù orin, ìlà mẹ́rìndínlógún ló máa bá lójú ẹ̀rọ, mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Tí ẹ bá fipá ti agogo yìí sínú mẹ́rìndínlógún, á yarọ. Ẹni tó ń kọ kóòdù lè má gbọ́ àléébù náà. Ẹni tó ti ń lu agogo láti kékeré á gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pípín ojú ẹ̀rọ sí méjìlá kò gbà ju àyípadà díẹ̀ lọ nínú kóòdù, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tó mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kejì wà nínú fóònù. Ká ní àyípo agogo náà gba ìṣẹ́jú àáyá 2.4. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan á wá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Íápíìsì aláìlókùn olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ wa ń kì bọ etí lè fa ohùn sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó ń gbá géèmù á tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, géèmù á sì sọ fún un pé ó ti ṣì í, nítorí ìṣísẹ̀ kan gbáko ti kọjá. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí géèmù kọ́kọ́ lu agogo lásán, kí ó ní kí èèyàn máa tẹ̀ lé e, kí ó ṣírò bí ó ṣe ń pẹ́ tó, kí ó wá yọ iye yẹn kúrò. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe géèmù orin fún àwọn onífóònù Tecno àti itel: ẹ má fo èyí, bí wákàtí mẹ́ta péré tilẹ̀ ló kù.

Dátà náà ńkọ́? Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọn kò fún pọ̀ máa ń tó megabáìtì 30. Tí wọ́n bá fún un pọ̀ dáadáa, kò ní ju mẹ́ta lọ. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni àbúrò tó ń kọ kóòdù fi máa ń sáré tọ ẹni tó ṣe bíìtì lọ: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in kù, àwọn èèyàn ò ní dúró dè é.” Ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ kọ̀, torí ó mọ ohun tí báàsì rẹ̀ máa pàdánù. Wọ́n á wá jọ fi fóònù tí kò dára jù nínú ilé gbọ́ ọ, wọ́n á sì fẹnu kò.

Bí ẹnì kan bá ní òun kò mọ ibi tí òun ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ wo àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá tẹn-tẹn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Àwọn méjì á dojú kọ ara wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ sí orin, wọ́n á fò, ẹsẹ̀ kan á sì yọ síwájú bí wọ́n ṣe ń balẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá bára mu, ọ̀kan ló jẹ. Tí kò bá bára mu, èkejì ló jẹ. Ìlù ni òfin rẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ láti yọ ẹsẹ̀ ti lùgbàdì. Kò sí ohun tó kù kó tó di géèmù oníbọ́tìnnì méjì fún èèyàn méjì lórí fóònù kan ṣoṣo, èyí tí wákàtí 48 á tó ṣe, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀.

Kò sì pọn dandan kí a máa dúró de kókó láti òkè òkun. Ojúlé itch.io, tí Leaf Corcoran dá sílẹ̀ ní 2013, ń gba ẹnikẹ́ni láyè láti pe game jam tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ mú ọjọ́ tó wù yín, ẹ kọ kókó sílẹ̀, ẹ sọ bí wọ́n ṣe máa fún ara wọn ní máàkì. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Èjìgbò lè ṣe é lálẹ́ òní. Kó gba ohùn agogo tó ń dún lẹ́ẹ̀méje nínú méjìlá sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀, kó fi ìyẹn ṣe kókó láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un, kó sì pe àwọn ará Malaysia, Brazil àti London wá kà á.