Ta Ni Owó Gbà-má-bínú Orí Ilẹ̀ Tọ́ Sí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rí. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, gba Ìbàfò àti Mowe kọjá. Ní Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀, wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì láti 1960. Títì a máa bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wa òkúta a máa kó ilẹ̀ ọ̀hún lọ, kòtò ni yóò sì ṣẹ́ kù.

Nínú àṣà wa, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ti ẹbí ni: àwọn tí ó ti kú, àwọn tí ó wà láàyè, àti àwọn tí a kò tí ì bí. Olórí ẹbí kàn ń bójú tó o ni. Àlejò tí ó tọrọ ilẹ̀ dá oko a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Òun ni ó ni iṣu àti ẹ̀gẹ́ tí ó gbìn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí kòkó láìgbàṣẹ, kí igi má baà sọ àlejò di onílẹ̀. Nítorí náà, bí katapílà bá wọ oko, inú ẹni mẹ́ta ni a ní láti tù: ẹbí, àgbẹ̀, àti ọmọ tí a kò tí ì bí.

Òfin ńkọ́? Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fún gómìnà láṣẹ láti gba ilẹ̀ nítorí ìwakùsà. Ó ka owó irè oko, owó ilé àti owó orí ilẹ̀ tí a san lọ́dún náà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ àjùmọ̀ní ni, gómìnà lè ní kí a san owó náà fún olóyè tàbí olórí wọn, kí ó lò ó fún ire gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà. Òfin Ìwakùsà ti 2007 náà ní kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ san owó irè, igi, ilé àti ojú ilẹ̀ tí ó bà jẹ́.

Ẹ rántí Àpápá. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa níbẹ̀. Olóyè Amodu Tijani gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ìdájọ́ fi hàn pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ náà, àti pé bí ẹni tí ó ni ín ni kí a ṣe sanwó fún wọn. Àṣà tí a bá là yé adájọ́ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Nítorí náà, kí katapílà tó dé, ẹ gbin pèrègún sí ààlà, ẹ ka igi, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jókòó ti àwọn àgbà, kí ẹ sì mú gègé yín dání. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ojú gbogbo ẹbí ni kí ẹ ti pín owó náà. Kí ẹ má gbàgbé àgbẹ̀, kí ẹ sì ya ti ọmọ ọ̀la sọ́tọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.