Ẹ Bèèrè Ìgbà Tó Ń Dún: Ìwádìí Ariwo Abẹ́ Ọkọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń gbé ní DeSoto, ìlú gúúsù Dallas tí wọ́n fi òfin sọ di ìlú aládàáṣe ní ọdún 1949, á mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Amọ̀ dúdú ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Blackland, tó máa ń wú nígbà tí òjò bá rọ̀, tó sì máa ń sún kì, tó ń sán, nígbà tí ọ̀dá bá dé, débi pé kankéré tí wọ́n tẹ́ sójú títì lè ga níhìn-ín kó sì rì lọ́hùn-ún, kí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ sì máa gbá táyà lábàrá bí ọkọ̀ ti ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, Texas ti fòpin sí àyẹ̀wò ààbò ọlọ́dọọdún fún ọkọ̀ aládàáni. Àyẹ̀wò èéfín ló kù ní agbègbè Dallas, ẹ̀rọ tó sì ń wo èéfín kò lè mọ̀ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti fẹ́ yẹ̀. Etí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló kù tí yóò tètè ta á lólobó.

Ṣùgbọ́n etí a máa tan ni. Irin ni ọ̀pọ̀ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀, irin ọmọ Ògún Lákáayé sì máa ń gbé ohùn rìn: ohun tó kan lápá òsì a dún bí ẹni pé ọ̀tún ló ti wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹ̀yin ènìyàn wa pé kí ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè ibi tí ariwo ti ń wá, ẹ bèèrè ìgbà tó ń dún. Ìka tó bá ṣẹ ni ọba ń gé, ó sì ń dùn mí láti rí ọlọ́mọ tó ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin tuntun nígbà tó jẹ́ pé búṣì onírọ́bà kan ṣoṣo ló jẹ̀bi.

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ń ṣe. Sípíríǹgì ló ru ọkọ̀, òun ló ń sún kì nígbà tí táyà bá gun òkè, tó sì tún ń nà padà. Bí a bá fi òun nìkan sílẹ̀, kò ní tètè ṣíwọ́, ọkọ̀ yóò sì máa jó lọ. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti wọlé nìyẹn, apajó-má-pa-oníjó, adá-sípíríǹgì-lẹ́kun. Òróró ló wà nínú ọ̀pá rẹ̀. Písítìn kan ń lọ sókè sódò nínú òróró náà, ihò tóóró ara písítìn sì ni òróró gbọ́dọ̀ fi agbára gbà kọjá, títí agbára tí ìbá máa sọ ọkọ̀ sókè yóò fi di ooru tí afẹ́fẹ́ yóò gbé lọ.

Ara ọkọ̀ tó wúwo máa ń lọ sókè sódò bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n táyà àti bíréèkì tó wà nísàlẹ̀ sípíríǹgì fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè ta pọ́ún-pọ́ún tó ìgbà 10 sí 15 láàárín àkókò kan náà. Ẹ wá wo ohun ìyanu yìí: táyà tí ìyíká rẹ̀ tó bíi mítà 2, bí ẹ bá ń sá máìlì 60 ní wákàtí kan lórí ọ̀nà márosẹ̀ I-35E, yóò yí bí ìgbà 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bálánsì rẹ̀ kò bá pé, ìgbà 13 yẹn gan-an ni yóò máa ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni tó ń ti ọmọdé lórí jangirọ́fà tí kò tàsé àsìkò rí. Ṣọ́ọ̀kì tó yè yóò pa á. Èyí tó ti kú yóò jẹ́ kó máa pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọkọ̀ kan fi lè máa gbọ̀n ní 60, kó sì tún rọlẹ̀ nígbà tí eré bá kọjá ibẹ̀.

Nítorí náà, bálánsì táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, owó rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà yíká: bí ọwọ́ bá ń bọ́ sínú ibi tó jẹ lọ, tó tún ń gun ibi tó ga, tó tún ń bọ́, táyà náà ti ń ta kúrò nílẹ̀ tipẹ́. Bí ẹ bá sì rí òróró tó ṣàn lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, tí eruku lẹ̀ mọ́ ọn, àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Àwọn kan a máa fi ọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ kí wọ́n wò bóyá yóò jó. Bó bá jó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣọ́ọ̀kì ti kú, ṣùgbọ́n bó bá dúró, ìyẹn kò dá a láre, nítorí kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè yára tó ojú ọ̀nà.

Ní ti ohun tó ń kan gbàgà-gbàgà lórí ọ̀nà gbágungbàgun nígbà tí eré kò pọ̀, lìǹkéèjì ló sábà máa ń jẹ́, èyí tó so mọ́ ọ̀pá gígùn tó de ẹsẹ̀ òsì mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọ̀pá yìí kì í lọ́ àyàfi bí ẹsẹ̀ kan bá ga ju èkejì lọ. Ẹ rọra fi táyà iwájú méjèèjì gun bọ́ǹpù pọ̀, kí ẹ tún padà wá fi táyà kan ṣoṣo gùn ún: bó bá dákẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tó sì kàn nígbà kejì, lìǹkéèjì tàbí rọ́bà tó di ọ̀pá náà mú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Èyí tó kan lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì, tó tún kan nígbà tí ẹ gbéra, búṣì apá tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó ń dún nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ ń yí sítíárì, ẹ yẹ ìjókòó orí ṣọ́ọ̀kì iwájú wò. Tàkà-tàkà nígbà tí ẹ bá ń kọ́nà tí ẹ sì ń tẹ tọ́tù, kíìkì ṣáàfù tó ń yí táyà ni. Híhùn tó ń ga bí eré ti ń ga, bíáríǹ tàbí táyà tó jẹ lọ́nà àìdọ́gba. Rọ́bà tó ń han nítorí ooru ẹ̀ẹ̀rùn Texas ti mú un gbẹ, ẹ fọ́n omi sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni ọ̀daràn.

Kí a má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá: bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ apá, bó bá já lórí eré, lè yọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ dànù. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà, ẹ ti irin adúróṣinṣin sábẹ́ ọkọ̀ (ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró láéláé), ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Bó bá yẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí bíáríǹ ni. Ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì; bó bá yẹ̀ níbẹ̀ nìkan, orí ọ̀pá sítíárì tó ti jẹ ló sábà máa ń jẹ́.

Nígbà tí mẹkáníìkì bá sì pààrọ̀ búṣì apá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń fì lófuurufú. Kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ná kó tó fún un, nítorí rọ́bà tí wọ́n fún nígbà tó ń fì yóò wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, yóò sì ya láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ ṣe aláímẹ̀ntì.