Piet Mondrian: Èbúté àti Òkun 5 (1915)
Èédú àti ọ̀dà olómi lórí pépà

Òkun Domburg, ní Netherlands, nìyí, ṣùgbọ́n ìgbì kankan ò ká níbẹ̀. Ìlà kéékèèké ni Mondrian fi èédú fà: òmíràn nàró, òmíràn dùbúlẹ̀, ọ̀pọ̀ ń dábùú ara wọn. Níbi tí wọ́n ti fọ́nká, ó dà bíi pé omi ń dán. Nísàlẹ̀, láàárín gan-an, àwọn tó nàró ṣù jọ, wọ́n di èbúté tó wọnú omi lọ. Ìrísí ẹyin ló ká gbogbo rẹ̀ mọ́. Ìṣísẹ̀ omi, àlọ àtàbọ̀ rẹ̀, ni ọwọ́ ayàwòrán ń tọ̀, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀wò lásán ni Mondrian bá wá sílé, sí Netherlands, láti Paris lọ́dún 1914 kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó ká a mọ́bẹ̀. Ọdún 1919 ló tó padà sí Paris.