Kí Ẹ Tó Mú Ìyá Tàbí Bàbá Tó Ń Ṣarán Lọ Sílé
Fún àwọn ẹbí tó wà ní Arakale, Àkúrẹ́, àti àyíká rẹ̀

Ẹni tí yóò máa sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú aláìsàn la fẹ́ rí ní ilé ìwòsàn wa kí a tó buwọ́ lu ìwé ìdásílẹ̀. Ẹni tó sanwó nìkan kò tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tó ti Èkó tàbí Àbújá wá ló máa ń jókòó gbọ́ àlàyé, yóò ra oògùn, yóò sì padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó ilé tí yóò máa pààrọ̀ aṣọ fún màmá lóru kò gbọ́ nǹkan kan. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbé màmá padà wá: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ti ní kí wọ́n dá dúró ni wọ́n ṣì ń lò mọ́ tuntun, torí pé ike rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì.

Nítorí náà, kí olùtọ́jú náà wá, ó kéré tán, ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ ìdásílẹ̀. Kó kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú ọ̀rá kan wá, títí kan àgbo, títí kan èyí tí ẹ rà ní kẹ́mísì. Nọ́ọ̀sì yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ níṣojú rẹ̀: èyí tí ẹ ó máa lò nìyí, èyí tí ẹ ó dànù nìyẹn. Olùtọ́jú yóò wo bí a ṣe ń gbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ yóò gbé wọn, àwa yóò sì wò ó. Bí ẹni méjì ni yóò máa pín in ṣe, kí àwọn méjèèjì wá. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ ni, kí ọmọ ọ̀dọ̀ wá. Bó bá ń tajà ní Ọjà Ọba tí kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ sọ fún wa, a ó bá a wá àkókò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ má sọ pé ẹ ó fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ọwọ́ la fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí.

A kì í ta fọ́ọ̀mù ìdásílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ọ̀dọ̀ akáwó nìkan ni kí ẹ ti sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín ṣe é kíákíá kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa.

Nílé, ẹ kó kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù kúrò nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tó ń ṣarán yóò gbé e mu. Ẹ dé kànga. Ẹ fi iná kékeré sílẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ lóru. Kí wọ́n jókòó ṣánṣán kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ. Ẹ má lọ ra Valium torí pé wọn kò sùn: ó máa ń da orí wọn rú sí i, ó sì máa ń gbé wọn ṣubú.

Bí ìdàrúdàpọ̀ wọn bá ṣàdédé pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má kà á sí arán. Ibà, àìsàn ọ̀nà ìtọ̀, àìmu omi tó tàbí àìyàgbẹ́ lè fà á. Ẹ gbé wọn wá lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá gan-an. Bí màmá bá ní òun ló pa ọmọ òun, tàbí pé òun máa ń jáde lóru, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìjẹ́wọ́ àjẹ́. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí àìsàn yìí láàárín àwọn Yorùbá tó tó ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti nǹkan bí ọdún 1992, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ó wà lọ́hùn-ún, ó wà níbí. Ẹ má dè wọ́n mọ́lẹ̀ níbikíbi. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe irú wọn ní wèrè.

Olùtọ́jú náà gbọ́dọ̀ sinmi. Kí ẹlòmíràn nínú ẹbí gbà á sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó kéré tán, lọ́sẹ̀; ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́ lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ háyà ẹni tí yóò gbà á.

Bó bá jẹ́ ní ilé ìwòsàn UNIMEDTH ní Oǹdó ni wọ́n ti tọ́jú wọn, tàbí ilé ìtọ́jú àgbà ní Èkó, tí ẹ wá ń mú wọn bọ̀ wá sí Àkúrẹ́, ẹ gba ìwé tí a kọ orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sí kí ẹ tó wọkọ̀. Àpèjúwe "kóró funfun kékeré" kò lè ràn wá lọ́wọ́.